Mo fẹ́ kí irin ìfà tírélà mi máa ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wọ gáréèjì. Ta ló ti ṣe é rí?

ỌmọÌlárá_HTX
Sátidé, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Apá ìwọ̀-oòrùn Houston ni mo ń gbé. Lóṣù tó kọjá mo ra tírélà ìpàgọ́ kan, tókunbọ̀ ni, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ máa ń wálẹ̀ bí èèyàn bá ń fà á lọ, táa sì máa ń gbé òrùlé náà sókè nígbà táa bá débi táa fẹ́ sùn. (Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo ra tírélà, wọ́n ní ṣé sìmẹ́ńtì ni mo fẹ́ máa kó ni àbí yanrìn.)

Ibi tí mo máa gbé e sí ló dọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ò gbà kí tírélà sùn níwájú ilé ju ọjọ́ méjì lọ, wọ́n sì ti kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí wọ́n ti ń gbowó lóṣooṣù láti bá èèyàn tọ́jú ẹ̀ wà nítòsí, àmọ́ owó yẹn ń dùn mí wọra. Gáréèjì ṣáà wà nílé. Gíga kọ́ ni ìṣòro, torí bí òrùlé bá ti wálẹ̀, tírélà náà ò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, ẹnu ọ̀nà gáréèjì sì jẹ́ 7. Gígùn ni. Láti imú rẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn mọ́tò mú títí dé bọ́ńpà ẹ̀yìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19 àti íńṣì 8. Inú gáréèjì láti ògiri dé ilẹ̀kùn jẹ́ 19 àti íńṣì 2. Íńṣì mẹ́fà péré! Mo tì í wọlé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ilẹ̀kùn ń bọ̀ nílẹ̀, ó gúnlẹ̀ sórí irin ìfà, ló bá tún gba òkè lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò mi ń wò mí látòkè fèrèsé.

Irin ìfà náà jẹ́ ẹyọ kan gbọọrọ, páìpù onígun mẹ́rin, íńṣì 3 sí 3. Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń gé tiwọn, wọ́n á wá fi àgbékọ́ sí i bíi ti ilẹ̀kùn kó lè máa ká sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò léwu?

Ṣeun_Mushin
Sátidé, 7:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kékeré lẹ sọ di ńlá. Níbí, wẹ́dà á gé e, á jó àgbékọ́ gèètì méjì mọ́ ọn, á ki bóòtù kan bọ̀ ọ́, ó parí. Wákàtí kan. Òyìnbó ti sọ yín dojo.

Bísí_Pearland
Sátidé, 8:05 àárọ̀

Ẹ ò ṣe gbé e sínú gáréèjì ní ìdábùú, láti igun kan sí ìkejì?

ỌmọÌlárá_HTX
Sátidé, 8:09 àárọ̀

Àǹtí Bísí, mọ́tò ìyàwó mi ló ń gbé ìdajì yòókù. Bí mo bá lé mọ́tò yẹn síta nínú oòrùn Houston, inú tírélà náà ni màá máa sùn.

Wẹ́dàÀgbà_Dallas
Sátidé, 9:31 àárọ̀

Ṣeun, àbúrò mi, mo kí ọ. Láti 1994 ni mo ti ń jó irin, Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó débí. Nítorí Ọlọ́run, má sọ ọ̀rọ̀ àgbékọ́ gèètì yẹn fún ẹlòmíì mọ́.

Gèètì dúró sójú kan. Ṣe ni ìwúwo rẹ̀ kàn ń rọ̀. Ṣùgbọ́n irin ìfà ò ní ìsinmi: mọ́tò ń fà á síwájú, bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì tírélà á máa tì í látẹ̀yìn, ìwúwo ẹrù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀lù, bí táyà bá sì bọ́ sí kòtò, á jù ú sókè, á tún gbá a mọ́lẹ̀. Píìnì àgbékọ́ gèètì á kọ́kọ́ máa mì díẹ̀díẹ̀. Ihò rẹ̀ á máa fẹ̀. O ò ní rí i, torí kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀. Ọjọ́ tí wàá rí i, orí eré lo máa wà.

Ẹ̀gbọ́n onítírélà, òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe é, kò sì léwu bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà. Méjì ló wà, ti bóòtù àti ti jíjó. Ẹ lọ ra ti bóòtù. Wẹ́dà ni mí o, iṣẹ́ mi ni mò ń bà jẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ti bóòtù ni kẹ́ ẹ rà. Ibi tí iná bá ti kọjá lára irin, ẹ̀gbẹ́ ojú àpá náà kì í le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá sì wá di dandan kí wẹ́dà kan jó nǹkan mọ́ irin ìfà yín, ẹ má gbà kó fa ojú iná ní ìbú lórí òkè páìpù tàbí lábẹ́ rẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ yẹn ló ń ru ìyà jù. Ẹ̀gbẹ́ ni ká ti jó o, ní òòró.

Ọlọ́kọ̀Ojúomi_Tampa
Sátidé, 12:18 ọ̀sán

Àwa tá a ní ọkọ̀ ojú omi mọ nǹkan yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ tírélà ọkọ̀ ojú omi ló jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi àgbékọ́ sí i nídìí, torí kó lè wọ gáréèjì náà ni.

Èyí tó wà lára tèmi nìyí. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀, píìnì méjì gún wọn já láti òkè délẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ti òsì ò kúrò lójú kan, òun ni irin ń yí po. Ti ọ̀tún ni mo máa ń fà yọ. Bí mo bá ti fà á yọ báyìí, màá gbá imú irin náà sí òsì bíi pé mò ń ṣí ìwé. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ilé iṣẹ́ Fulton ń ṣe èyí tó bá páìpù íńṣì 3 sí 3 mu, ó sì lè ru tírélà tó wọn 5,000 páùn. Wọ́n ní ti páìpù 3 sí 5 náà, ìyẹn ru ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi tépù wọn páìpù yín dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á, ká má fojú díwọ̀n.

Ẹ gbọ́ o, ibi tí jáàkì yín wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí jáàkì bá wà níwájú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gé, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ká a, kí ló máa gbé tírélà dúró? Imú ni yóò fi lu ilẹ̀. Jáàkì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àgbékọ́.

Ìjẹ̀bú_Maryland
Sátidé, 2:44 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi kì í ṣe gbọọrọ kan. Irin méjì ló ti abẹ́ tírélà wá pàdé níwájú, bíi lẹ́tà A. Ṣé èmi náà lè lo irú àgbékọ́ yìí?

Ọlọ́kọ̀Ojúomi_Tampa
Sátidé, 3:02 ọ̀sán

Rárá o. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló wà fún. Oníwájú A ò ní ibi kan tí èèyàn lè gé tó máa yí. Ohun tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn kan ni pé wọ́n yọ imú tó ń gbá bọ́ọ̀lù mú, wọ́n fi páìpù ìkìbọ̀ síbẹ̀, wọ́n wá ń ki imú náà bọ̀ ọ́, wọ́n á fi píìnì ńlá há a. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á fà á yọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti di iṣẹ́ wẹ́dà tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, kì í sì í dín ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ.

Àdùkẹ́_Kent
Sátidé, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Ní ìlú ọba níbí, oníwájú A ni kárávàn wa (bá a ṣe ń pe tírélà ìpàgọ́ nìyẹn) fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán. Látìgbà tí ìjọba ti tú òfin ká ní 16 December 2021, tó fi jẹ́ pé ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lẹ́yìn 1 January 1997 náà lè fa nǹkan tó wọn 3,500 kílò láìṣe ìdánwò míì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi tó ń bèèrè kárávàn lọ́wọ́ mi ò lóǹkà.

Irin abẹ́ ẹ̀ níbí, wọ́n ti rì í sínú síńkì láti ilé iṣẹ́, àwọn tó ń ṣe é sì sọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má lu ihò sí i, kó má sì jó ohunkóhun mọ́ ọn. Nítorí náà ẹ̀yin ará UK tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má gbé máṣíìnì fáìlì tí wọ́n fi ń gé irin o. Ọkọ mi ra mọ́tò kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ táyà, ó ń fi rìmóòtù darí kárávàn wọ ẹ̀gbẹ́ ilé bí ọmọdé tó ń fi nǹkan ìṣeré ṣeré. Gbogbo àdúgbò máa ń jáde wá wò ó.

Nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu nípa ti Amẹ́ríkà: ìwúwo tí imú tírélà ń gbé lé bọ́ọ̀lù. Ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kárávàn ni wọ́n kọ́ wa níbí. Ṣé tiyín jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?

Ẹnjiníà_Ṣakí
Sátidé, 8:51 alẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Bí imú bá fúyẹ́ jù, ìdí tírélà á máa jó láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì lórí eré.

ỌmọÌlárá, ẹ wọn ìwúwo imú yín kẹ́ ẹ tó ra nǹkankan. Kò gba irinṣẹ́ olówó ńlá, ìwọ̀n inú balùwẹ̀ tó. Ẹ wá pákó tó lágbára. Ẹ fi orí pákó kan lé bíríkì tó ga tó ìwọ̀n, ẹ fi orí kejì lé ìwọ̀n, kí àárín méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ wá gbé imú tírélà kalẹ̀ sórí pákó níbi tó jìn sí bíríkì ní ẹsẹ̀ bàtà 1, tó sì jìn sí ìwọ̀n ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ohun tí ìwọ̀n bá kà, ẹ fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ti táyà méjèèjì pa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o.

ỌmọÌlárá_HTX
Sọ́ńdè, 4:15 ọ̀sán

Mo ṣe é lẹ́yìn ìsìn. Ìwọ̀n ka 87. 87 lọ́nà 3 jẹ́ 261 páùn. Mo gbé gbogbo tírélà lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù lórí ọ̀nà, tòun ti gáàsì àti omi àti àwọn kúlà, wọ́n ní 2,400 páùn. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Jáàkì mi wà ní íńṣì 16 sí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n Tampa, ẹ ò parọ́. Ibi tí mo fẹ́ gé jẹ́ íńṣì 22. Ó túmọ̀ sí pé jáàkì ní láti sún sẹ́yìn.

Ẹnjiníà_Ṣakí
Sọ́ńdè, 7:30 alẹ́

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀, torí ohun tó ń bà yín lẹ́rù nìyẹn.

Irin ìfà dà bí ẹ̀ka igi tí ọmọdé jókòó sí ṣóńṣó rẹ̀. Ìdí ẹ̀ka, níbi tó ti so mọ́ igi, ni ìyà pọ̀ sí jù, kì í ṣe ṣóńṣó. Bí ẹ bá gé e ní íńṣì 22 sí bọ́ọ̀lù, ìwọ̀n ìyà ibẹ̀ jẹ́ 261 lọ́nà 22, ìyẹn 5,742. Bó bá jẹ́ pé iwájú tírélà gan-an lẹ ti gé e, ká ní ibẹ̀ jẹ́ íńṣì 50, yóò di 13,050. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ. Nítorí náà, bí àgbékọ́ bá ṣe sún mọ́ bọ́ọ̀lù tó ni ara ṣe tù ú tó, ṣùgbọ́n bó bá sún mọ́ ọn jù, kò ní dín gígùn kù. 22 dáa.

Páìpù yín ga ní íńṣì 3. 5,742 pín sí 3 jẹ́ nǹkan bíi 1,900 páùn: bí irin òkè ṣe ń tì nìyẹn, bí ti ìsàlẹ̀ ṣe ń fà nìyẹn. Ẹ fi kòtò kún un, èmi máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di bíi 5,700. Píìnì méjì pín in láàárín ara wọn, kò tó 2,900 fún ọ̀kan. Píìnì irin gidi á gbé e láìlàágùn. Ti Ṣeun á là.

Ṣeun_Mushin
Sọ́ńdè, 7:34 alẹ́

Kí ni mo tún ṣe báyìí?

Wẹ́dàÀgbà_Dallas
Sọ́ńdè, 9:10 alẹ́

Nǹkan mẹ́ta kù tí mi ò tíì rí kẹ́nikẹ́ni mẹ́nu bà.

Ẹ̀wọ̀n ààbò. Lára tírélà tókunbọ̀, imú níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń so ó mọ́. Ẹ tú u, ẹ lọ so ó mọ́ ẹ̀yìn àgbékọ́, lára irin tẹ́ ẹ ò gé. Iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n ni láti di tírélà mú lọ́jọ́ tí nǹkan bá já. Bó bá wà níwájú àgbékọ́, tí àgbékọ́ sì já, ẹ̀wọ̀n á bá imú lọ pẹ̀lú mọ́tò yín, tírélà á máa dá lọ sínú ọkọ̀ ẹlòmíì. Ti tẹ́lẹ̀ ò ní gùn tó mọ́, ẹ ra tuntun, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì lè dá gbé gbogbo ìwọ̀n tírélà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dábùú ara wọn lábẹ́ imú bíi lẹ́tà X, kí wọ́n má sì wọ́ nílẹ̀.

Bíréèkì. Bó bá jẹ́ oníná, wáyà nìkan lẹ máa bá fà. Bó bá jẹ́ èyí tó ń lo epo bíréèkì, páìpù rẹ̀ tó jẹ́ irin ò lè ká, ẹ ní láti fi ọ̀pá rọ́bà sí ojú àgbékọ́.

Ẹ̀kẹta, èéfín. Bí irin yín bá ń dán bíi páànù, síńkì ló wà lára rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jó ohunkóhun mọ́ ọn, àní kó jẹ́ àtẹ́lẹ̀ jáàkì lásán, ẹ kọ́kọ́ họ síńkì náà kúrò títí irin dúdú á fi yọjú. Ọdún tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo jó páìpù síńkì láti àárọ̀ dalẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé. Lóru, òtútù dé, mo gbọ̀n bí ewé, wọ́n fún mi lóògùn ibà, ó dàárọ̀ kí ara mi tó balẹ̀. Kò sí ibà kankan lára mi. Èéfín ni. Ọ̀gá mi ní n máa mu mílíìkì agolo kan kí n tó jó síńkì, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa sì ń mu ún. Ọ̀fun ni mílíìkì ń gbà, èéfín ń gba ẹ̀dọ̀fóró. Ìta gbangba àti ìbòmú ni oògùn rẹ̀.

ỌmọÌlárá_HTX
Sátidé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 10:02 alẹ́

Mo ti ṣe é! Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Jáàkì ni mo kọ́kọ́ sún. Mo tún un gbé kalẹ̀ ní íńṣì 34 sí bọ́ọ̀lù, bóòtù ni mo fi dè é. Lẹ́yìn náà mo fi pákó há táyà níwájú àti lẹ́yìn, mo sì to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ irin ìfà lápá méjèèjì ojú ibi tí mo fẹ́ gé, torí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan á já lu ẹsẹ̀ èèyàn, èkejì á sì fún abẹ fáìlì mọ́ àárín. Mo we tépù yí páìpù ká, mo fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù kí ojú rẹ̀ lè gún. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí máṣíìnì fáìlì kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin náà, ìyàwó mi ní òun ò lè wò ó, ó wọlé lọ.

Gígé ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àgbékọ́ wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Mo fi sípánà tó ń wọn agbára dè é bí ìwé tó bá a wá ṣe wí, mo wá fi ọ̀dà èékánná ìyàwó mi (pupa) fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin, kí n lè mọ̀ bí nọ́ọ̀tì kan bá yí. A gbé e lọ Galveston ní Sátidé tó kọjá. Mo dúró níbi epo lọ́nà, mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun. Ìlà méjì ti yà díẹ̀, bíi fífẹ̀ orí ìṣáná. Mo tún wọn dè. Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé, kò sí èyí tó mì.

Ó dín íńṣì 19 kù. Ilẹ̀kùn gáréèjì wálẹ̀, ó kanlẹ̀, ó dákẹ́. Mo dúró síbẹ̀ mò ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun.

Àṣìṣe mi nìyí, kẹ́lòmíì má bàa ṣe é. Àgbékọ́ mi ń ká sí òsì. Apá ọ̀tún ni mo fi wáyà iná ẹ̀yìn gbà, mo sì fà á le dáadáa kó lè rẹwà. Bí mo ṣe ká irin náà báyìí, ọ̀tún yà sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì, wáyà ò gùn tó, ó já pàù. Títí a fi dé Galveston ni iná ìyànà mi lápá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ láìmọ̀. Mo ti wá gba abẹ́ fà á báyìí, mo fi ìká kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀.

Ìjẹ̀bú_Maryland
Sátidé, 10:20 alẹ́

Ẹ kú oríire. Ìlara ń mú mi o. Èmi ti padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbowó lóṣooṣù.

Àdùkẹ́_Kent
Sọ́ńdè, 6:48 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀dà èékánná yẹn, ọkọ mi ti lọ mú tèmi.

ỌmọÌlárá_HTX
Sọ́ńdè, 1:30 ọ̀sán

Ẹ̀yin àgbà, wàhálà kan tún yọ. Bí mo bá ká a sí òsì, imú rẹ̀ ń kọjú sí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà ò lè ṣí tán. Aṣọ ọmọ mẹ́ta ti ga bí òkè Olúmọ. Ìyàwó mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ṣé ọ̀nà wà tí mo fi lè sọ ọ́ di èyí tó ń ká sí ọ̀tún?

Wẹ́dàÀgbà_Dallas
Sọ́ńdè, 2:11 ọ̀sán

Ó wà. Tú gbogbo bóòtù rẹ̀, kó o dojú àgbékọ́ náà délẹ̀, kó o tún un dè. Píìnì tó wà lósì á bọ́ sí ọ̀tún.

Àmọ́ yẹ ojú wáyà rẹ wò kó o tó ká a o.

Ṣeun_Mushin
Sọ́ńdè, 2:15 ọ̀sán

Tàbí kẹ́ ẹ sún ẹ̀rọ ìfọṣọ.